Omi Kànga ní Àjídò: Ẹ Mọ Ohun Tí Ó Ń Ṣe É Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ, Kí Ẹ sì Tó Pe Púlọ́ńbà

Ní Àjídò àti ní àwọn ìlú yòókù tí ó wà ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì, kànga ni ọ̀pọ̀ agboolé gbójú lé fún omi tí wọ́n ń lò. Àwọn kan ń fa omi láti inú kànga àfọwọ́gbẹ́ tí àwọn bàbá wọn fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ti san owó ńlá fún kànga ẹlẹ́rọ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí bọ́ọ̀hóòlù. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń rò: omi ń sọ aṣọ funfun di pupa, tíì ń dúdú bí aró, ọṣẹ kò hó dáadáa, omi sì ń níyọ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú.

Ẹni tí irú èyí bá ń bá fínra kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ amómirọ̀, tí àwọn tí ń tà á ń pè ní sọ́fúnà. Ẹ̀rọ gidi ni, ó sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì lè má jẹ́ èyí tí omi yín nílò. Owó tí agboolé kan fi ọdún kan tù jọ lè bá ẹ̀rọ tí kò bá ìṣòro mu lọ, kí omi náà sì wà bí ó ṣe wà.

Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé Àjídò, Ìbèrèkó, Àràdàgún, Mòwó, Àjárá àti gbogbo agbègbè Àgbádárìgì. A ó sọ irú omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ tí ó bá ìṣòro kọ̀ọ̀kan mu, àti bí ẹ ó ṣe gba púlọ́ńbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò tọ́jọ́.

Irú omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa

Orí ilẹ̀ oníyanrìn ni Àjídò wà. Ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì sì wà lẹ́yìn ilẹ̀ yanrìn tí ó pààlà láàárín ọ̀sà àti òkun. Omi òjò tí ó ń wọ inú yanrìn yìí ni ó ń di omi kànga. Omi dídùn yìí fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ. Nítorí náà, ó ń léfòó lórí omi iyọ̀ tí ó ti inú òkun wọ abẹ́ ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi inú ìkòkò. Àwọn ìyá wa láàárín àwọn Ẹ̀gùn, tí wọ́n ń se iyọ̀ ní etíkun yìí láyé àtijọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé iyọ̀ kò jìnnà sí wa.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Willem Badon Ghijben, ará Netherlands, ṣe ìṣirò bí omi méjèèjì yìí ṣe ń gbé pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ etíkun. Ní ọdún 1901, Alexander Herzberg ní Jámánì tún gbé ìṣirò kan náà jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé fún mítà 1 tí omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi ga ju ojú òkun lọ, mítà bí 40 omi dídùn ni ó wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Òdì kejì rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kó wa láyà sókè: bí a bá fa omi títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀ ní mítà 1, tí a kò sì jẹ́ kí ó padà sípò, omi iyọ̀ lè gòkè ní mítà bí 40 bí àkókò bá ṣe ń lọ. Ìṣirò yìí bá omi tí ó wà nítòsí ojú ilẹ̀ mu jù lọ. Omi tí ó jìn, tí ìpele amọ̀ bo orí rẹ̀, lè hùwà lọ́nà mìíràn.

Iyọ̀ díẹ̀ sì ti tó láti ba omi púpọ̀ jẹ́. Iyọ̀ tí à ń pè ní chloride tí ó wà nínú lítà omi òkun kan tó mílígíráàmù 19,000. Bí garawa omi òkun 2 bá dàpọ̀ mọ́ garawa omi dídára 98, chloride inú àdàpọ̀ náà yóò tó mílígíráàmù 380 nínú lítà kan. Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí omi mímu, NIS 554, tí àjọ SON gbé jáde ní ọdún 2007, fi òpin sí i ní 250.

Yàtọ̀ sí iyọ̀, irin jẹ́ ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ etíkun Èkó. Nínú ilẹ̀ tí atẹ́gùn kò dé, irin máa ń yọ́ sínú omi láìhàn sójú. Omi náà yóò mọ́ gaara nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nígbà tí atẹ́gùn bá kàn án tán ni irin yóò di ìpáàrà, tí omi yóò sì pọ́n. NIS 554 kò fẹ́ kí irin kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan.

Ìṣòro kẹta ni líle omi. Omi líle ni omi tí èròjà kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ó sì máa ń fi èèpá funfun sínú kẹ́tùrù. Ilẹ̀ tí òkúta ẹfun wà, bí Ewékorò àti Ṣágámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni a ti sábà ń bá irú omi bẹ́ẹ̀ pàdé. Yanrìn etíkun kò ní kálísíọ́mù púpọ̀, àfi níbi tí ìkarahun bá pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí níbi tí omi òkun bá ti wọlé. Nítorí omi òkun fúnra rẹ̀ le gan-an. Kókó yìí ṣe pàtàkì. Bí omi kànga yín bá le nítorí pé òkun ti wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ amómirọ̀ yóò yọ líle náà kúrò, iyọ̀ yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe nílé

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí:

1. Ẹ pọn omi láti ẹnu páìpù kànga gan-an, kì í ṣe láti inú táńkì, sínú ike funfun. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá mọ́ gaara ní àkọ́kọ́, tí ó sì pọ́n tàbí tí ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa nísàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, irin wà nínú rẹ̀.

2. Ẹ fi omi náà po tíì. Bí tíì bá di dúdú ju bí ó ti yẹ lọ, irin náà ni ó ń fọhùn.

3. Ẹ rọ omi òjò sínú ìgò kan, kí ẹ rọ omi kànga sínú ìgò kejì ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ ge ọṣẹ tí ó dọ́gba sínú méjèèjì, kí ẹ mì wọ́n. Bí ti òjò bá hó dáadáa, tí ti kànga kò hó, tí ó sì dàrú bí omi ògì, omi kànga yín le.

4. Ẹ wo èèpá funfun inú ìkòkò tàbí kẹ́tùrù. Ẹ da omi mímọ́ sí i. Bí ó bá yọ́, iyọ̀ ni. Bí kò bá yọ́, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá hó tí ó sì yọ́, èèpá omi líle ni.

5. Ẹ fi omi kànga wé omi òjò lẹ́nu, lẹ́yìn tí ẹ bá ti se é kí ó hó tán kí ó sì tutù. Ẹ ṣe èyí ní ìgbà òjò, kí ẹ sì tún un ṣe ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Bí iyọ̀ bá ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún, ẹ mú un ní ọ̀rọ̀ tí kò gba ìfàsẹ́yìn.

Àyẹ̀wò ilé ń tọ́ka ọ̀nà ni. Òun kọ́ ni ó ń dájọ́. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tí ó wọ́n, ẹ gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò tí ó ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn nǹkan wọ̀nyí, ó kéré tán: pH, irin, manganese, líle omi, chloride, nitrate, àti kòkòrò àrùn E. coli. Nínú NIS 554, pH gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.5 sí 8.5, líle omi kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 150 nínú lítà kan, E. coli kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gba èsì náà ní ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ìwé yìí ni púlọ́ńbà tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀rọ tí ó bá ìṣòro kọ̀ọ̀kan mu

*Bí ó bá jẹ́ irin.* Atẹ́gùn àti yanrìn ni oògùn rẹ̀. A ó jẹ́ kí omi gba inú páìpù tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára, kí ó máa rọ̀ bí òjò sínú táńkì, kí atẹ́gùn lè sọ irin náà di ìpáàrà. Lẹ́yìn náà ni yóò gba inú asẹ́ oníyanrìn kọjá, níbi tí ìpáàrà yóò ti dúró. Asẹ́ tí a ń tà, tí ó ní èròjà manganese nínú, ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ààyè kékeré. Irú èyíkéyìí tí ẹ bá lò, a gbọ́dọ̀ máa fi omi tì í padà láti ìsàlẹ̀ sókè nígbàkúùgbà kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè jáde. Asẹ́ tí a kò fọ̀ yóò dí ni. Bí pH bá lọ sílẹ̀ ju 7 lọ, irin kì í tètè di ìpáàrà. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, a máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí omi gba orí òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ kọjá kí kíkan rẹ̀ lè dínkù.

Irin kékeré lè bá ẹ̀rọ amómirọ̀ lọ, ṣùgbọ́n irin púpọ̀ yóò lẹ̀ mọ́ èròjà inú rẹ̀, yóò sì pa á. Nítorí náà, bí omi yín bá ní irin àti líle pọ̀, asẹ́ irin ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń fọṣọ: ẹ má ṣe fi Jik tàbí Hypo fọ aṣọ funfun tí omi onírin ti pọ́n. Ńṣe ni yóò sọ irin náà di ìpáàrà lára aṣọ, àbàwọ́n yóò sì jinlẹ̀ sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó dára jù.

*Bí ó bá jẹ́ iyọ̀.* Sísè kò yọ iyọ̀, yanrìn kò yọ ọ́, ẹ̀rọ amómirọ̀ kò sì yọ ọ́. Ẹ̀rọ tí ó ń fi agbára ti omi gba ara awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, tí wọ́n ń pè ní reverse osmosis, ni ó lè yọ ọ́ nínú ilé. Ó ń gba iná, awọ inú rẹ̀ sì ń fẹ́ pípààrọ̀. Ó tún máa ń da omi tí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ sí i nù, ó sì lè tó lítà 2 sí 4 fún lítà 1 tí ó bá mọ́. Nítorí náà, omi mímu àti omi ìdáná ni kí ẹ fi í ṣe. Kí ẹ sì tó rà á, ẹ bèèrè bóyá kànga aládùúgbò tí jíjìn rẹ̀ yàtọ̀ kò níyọ̀. Nígbà mìíràn, dídín iye wákàtí tí sùmó fi ń ṣiṣẹ́ kù ni ó ń mú ìrọ̀rùn wá.

*Bí ó bá jẹ́ kòkòrò àrùn.* Ẹ̀rọ amómirọ̀ àti asẹ́ irin kì í pa kòkòrò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Omi lè mọ́ gaara, kí ó sì rọ̀, kí àrùn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ se omi mímu kí ó hó dáadáa, tàbí kí ẹ fi oògùn omi tí ó ní chlorine sí i ní ìwọ̀n tí a kọ sára rẹ̀. Ẹ rí i pé kànga jìnnà sí ṣọ́kàwé àti ṣáláńgá, ó kéré tán ní mítà 30. Nínú ilẹ̀ yanrìn bíi tiwa, ìdọ̀tí kì í pẹ́ kí ó tó rìn dé ibi tí a kò rò.

*Bí ó bá jẹ́ líle omi.* Ibí yìí ni ẹ̀rọ amómirọ̀ ti jẹ́ ọ̀gá.

Bí ẹ bá nílò ẹ̀rọ amómirọ̀ ní tòótọ́

Nínú agolo ẹ̀rọ yìí ni hóró wẹ́wẹ́ kan wà tí à ń pè ní rẹ́sìn. Ó ti gba sódíọ̀mù mọ́ra láti inú iyọ̀. Bí omi líle bá ń kọjá lórí rẹ̀, rẹ́sìn yóò gba kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù, yóò sì fi sódíọ̀mù sílẹ̀ dípò wọn. Nígbà tí ó bá yó, a ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ kí ó lè tún gbára.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí ènìyàn 6 bá wà nínú ilé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 100 lóòjọ́, lítà 600 ni ilé ń lò. Bí líle omi bá jẹ́ mílígíráàmù 200 nínú lítà kan, ẹ̀rọ yóò yọ gíráàmù 120 lójúmọ́. Bí rẹ́sìn inú rẹ̀ bá jẹ́ lítà 25, tí lítà kan lè gba gíráàmù bíi 40, gbogbo rẹ̀ yóò gba gíráàmù 1,000. A jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò fi ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ́ ìfọ̀, ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ iyọ̀ kílò bí 3. Bí oníṣòwò kò bá lè ṣe ìṣirò yìí fún yín pẹ̀lú iye tirẹ̀, ẹ má tíì sanwó.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè.

Àkọ́kọ́ ni agbára omi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amómirọ̀ tí ń dá ara rẹ̀ fọ̀ ń fẹ́ agbára omi báà 1.5 sí 2. Táńkì tí ó ga ní mítà 10 kò fún wa ju báà 1 lọ. Táńkì tí ó wà lórí àga irin mítà 5 kò sì fún wa ju ìdajì báà lọ. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tí yóò ti omi, ẹ̀rọ olówó ńlá yóò kàn dúró lára ògiri bí ère ni.

Èkejì ni ìlera. Sódíọ̀mù tí ẹ̀rọ ń fi sínú omi tó bí mílígíráàmù 0.46 fún mílígíráàmù 1 líle tí ó bá yọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, sódíọ̀mù tí yóò wọ lítà kan tó 92. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí dókítà ní kí ó dín iyọ̀ kù, kò yẹ kí ó máa mu ún láìbèèrè. Ẹ ní kí púlọ́ńbà fi ẹnu ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní ilé ìdáná tí kò gba inú ẹ̀rọ amómirọ̀ kọjá.

Ẹ̀kẹta ni omi iyọ̀ tí a fi fọ rẹ́sìn. Kò gbọdọ̀ ṣàn padà sí ẹ̀bá kànga, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ṣàn sí ìdí àgbọn tàbí ọgbà ẹ̀fọ́. Ní ilẹ̀ tí a ti ń bá iyọ̀ jìjàkadì, a kì í fi ọwọ́ ara wa gbin in.

Bí ẹ ó ṣe yan púlọ́ńbà

Púlọ́ńbà tí ó ń gbé àdúgbò ní ànfààní tí àlejò kò ní. Ó mọ bí yanrìn ṣe rí, ó mọ kànga tí ó níyọ̀ àti èyí tí kò ní, bí páìpù bá sì bẹ́ lóru, ẹ mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ará àdúgbò nìkan kò tó. Ẹ wò fún àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ ní kí ó mú yín lọ sí ilé méjì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí púlọ́ńbà kò sí nítòsí. Ẹ bèèrè bóyá ó padà wá nígbà tí wọ́n pè é.
- Ẹ wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀: ìwé Trade Test, ìwé NABTEB, tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba. Ẹ bèèrè bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí LASCOTA mọ̀. Ọ̀gá tí ó kọ́ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá láìní ìwé lè mọ iṣẹ́ dáadáa; ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ fojú rí jẹ́ ìwé ẹ̀rí fún un.
- Bí ó bá jẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tuntun ni ẹ fẹ́ gbẹ́, iṣẹ́ agbẹ́kànga nìyẹn, kì í ṣe ti púlọ́ńbà. Àjọ LASWARCO ni ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ agbẹ́kànga kí ẹ tó fún un ní ilẹ̀.
- Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí ó bá kọ́kọ́ bi yín. Ẹni tí ó bèèrè èsì àyẹ̀wò omi, gíga táńkì, àti iye ènìyàn inú ilé, oníṣẹ́ ni. Ẹni tí ó dárúkọ ẹ̀rọ àti iye owó kí ó tó rí omi, ọjà ni ó wá tà.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ lè jẹ́ púlọ́ńbà yín. Ìwé kì í ba ìbátan jẹ́, àìsí ìwé ni ó sábà ń bà á jẹ́. Ojú ìwé kan tó. Ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n ohun èlò tí a ó lò, ẹni tí yóò rà wọ́n, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, iye owó iṣẹ́, àti oṣù tí púlọ́ńbà yóò fi tún ohun tí ó bá bàjẹ́ ṣe láìgba owó mìíràn. Bí ẹ̀yin bá ni ẹ ra ohun èlò, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ má ṣe san gbogbo owó iṣẹ́ ṣáájú. Ẹ lè pín in sí mẹ́ta: apá kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, apá kan nígbà tí páìpù bá ti wọlé tán, apá tí ó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí omi ti ń ṣàn. Ẹ̀yin náà, ẹ san án ní ọjọ́ tí ẹ dá. Púlọ́ńbà tí a jẹ lówó kì í yára dáhùn nígbà kejì.

Kí ẹ tó san èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ pa gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ní alẹ́, kí ẹ fi àmì sí ibi tí omi táńkì dé, kí ẹ sì wò ó ní òwúrọ̀. Bí ó bá ti wálẹ̀, omi ń jò níbì kan. Ẹ rí i pé ọ̀nà àbùjá wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí omi lè máa ṣàn nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ àtúnṣe. Ẹ tún gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ fi èsì tuntun wé ti àtijọ́. Èsì méjèèjì yìí ni yóò sọ bóyá owó yín ṣiṣẹ́.

Ewu tí ó lè gba ẹ̀mí

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ afami tí ń lo bẹntiróò wọ inú kànga, tàbí kí ó tàn án sí ẹnu kànga nígbà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí ó lè kìlọ̀ fún ni, ó sì ń pa ènìyàn kíákíá. Bí ẹnì kan bá dákú sínú kànga, ẹ má ṣe tọ̀ ọ́ wọlé láìsí ohun èlò. Ẹ pe 112 tàbí 767. Bákan náà, iná sùmó gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ó wọ ilẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná ni kí ó sì so ó.

Bí àríyànjiyàn bá dé

Bí ẹ̀rọ tí ẹ rà kò bá ṣe ohun tí wọ́n sọ pé yóò ṣe, tí olùtajà sì kọ̀ láti gbọ́, ẹ gbé rìsíìtì, àdéhùn àti èsì àyẹ̀wò omi lọ sí àjọ LASCOPA, tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ó bá jẹ́ aáwọ̀ láàárín onílé àti oníṣẹ́ ọwọ́, Citizens' Mediation Centre, tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, ń parí irú rẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlàjà yá ju ilé ẹjọ́ lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí aládùúgbò méjì lè tún máa kí ara wọn.

Ẹ má gbàgbé omi òjò

Omi tí ó rọ̀ jù lọ kò ní ẹ̀rọ nínú. Mílímítà 1 òjò tí ó bá rọ̀ sórí òrùlé mítà onígun mẹ́rin 1 yóò fún wa ní lítà 1. Bí òrùlé yín bá jẹ́ 100, tí òjò mílímítà 20 sì rọ̀, lítà 2,000 ni ó balẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún, 1,600 ṣì kù. Kò ní irin, kò níyọ̀ bíi ti kànga, ọṣẹ sì ń hó nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé dànù, kí ẹ bo ojú táńkì kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀, kí ẹ sì se èyí tí ẹ ó bá mu. Gbogbo lítà òjò tí ẹ bá lò jẹ́ lítà kan tí ẹ kò fà láti inú ilẹ̀, ó sì ń bá gbogbo àdúgbò dá omi iyọ̀ dúró níbi tí ó wà.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A rọ àwọn olórí àdúgbò àti ẹgbẹ́ onílé ní Àjídò kí wọ́n jọ ní ìwé kan tí wọ́n yóò máa kọ èsì àyẹ̀wò kànga sí ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún. Kànga kan kò dá wà lábẹ́ ilẹ̀. Omi tí ìwọ fà lónìí kan èyí tí aládùúgbò rẹ yóò mu lọ́la, bí iyọ̀ bá sì ti wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbà kí ó tó padà lọ.